Yọ Ọ́ Nínú Rẹ̀

A kúrò ní Selfoss kí ojúmọ́ tó là tán,
èmi nídìí ọkọ̀, Hallveig lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,
fíláàsì kọfí láàárín itan rẹ̀,
ọ̀rọ̀ kan láàárín àwa méjèèjì
tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ṣí ìdérí rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta rèé tí mo yá a lówó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìpẹja.
Ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ oṣù méje, ó kú.
Owó kò kú. Owó kì í kú,
a máa sùn ni, a sì máa hanrun.

Òjò tiwa kì í rọ̀ sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà,
bí aládùúgbò tó fẹ́ mọ ohun tá a sè.
Níbi afárá tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gbà,
mo dúró kí ti ọ̀hún kọjá.
Hallveig ní, "Sùúrù rẹ ti pọ̀ jù."
N kò mọ̀ bóyá afárá ló ń bá wí.

Ketill ló mú wa gun yìnyín,
irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì ń wá ibi tí yóò jókòó sí.
Ó so irin eléyín mọ́ bàtà wa, ó fà á, ó tún fà á.
"Ẹ yasẹ̀ bí ọmọ tó tọ̀ sí ṣòkòtò,
ẹ gbé e sókè, ẹ gbé e lulẹ̀ gbì."
Àwọn àlejò láti Kòríà rẹ́rìn-ín.
Ojú ti àwa tí a bí síbí:
àádọ́ta ọdún la fi wo yìnyín yìí láti ojú títì,
a kò fẹsẹ̀ kàn án rí.

Mo ti rò pé funfun ni. Irọ́.
Etí rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò,
eérú òkè oníná tó bú nígbà ayé àwọn tó ti kú.
Lókè, ó di aró,
aró tó jìn débi tí ojú kò mu ún tán.
Ó sì ń dún nínú, kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà gbòò,
bí ẹni ń wọ́ àpótí nínú yàrá ìsàlẹ̀.

Ketill nàka sí adágún tó wà lẹ́yìn wa.
"Nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
olùkọ́ kó wa wá fi okùn wọ̀n ọ́n.
Ibi tí omi yẹn wà, orí yìnyín ibẹ̀ ni mo jókòó sí
jẹ búrẹ́dì mi."
Obìnrin ará Kòríà kan bọ́ ìbọ̀wọ́,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ lásán kan yìnyín
bí ẹni ń wo ibà lórí ọmọ.

Létí ihò kan, Hallveig yọ̀.
Ọwọ́ mi ti dé kọ́là rẹ̀ kí àyà mi tó já.
Ó gbójú sókè wò mí:
"Àbí owó rẹ lò ń ṣọ́?"
Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi jù ú sílẹ̀.

Ní Vík, iyanrìn dúdú.
Àkọlé kan ní, má kọ ẹ̀yìn sí òkun.
Hallveig, tí òkun gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò ka àkọlé.
Ó kojú sí omi, ó ń ka ìgbì lábẹ́nu.
"Ẹ́ńjìnnì yẹn," ó wí.
Ìgbì wá, ó gbá ìyókù ọ̀rọ̀ lọ.
N kò ní kó tún un sọ.

Nílé epo, ó wọlé, ó jáde
pẹ̀lú búrẹ́dì sọ́séèjì méjì, àlùbọ́sà díndín lórí,
ó gbé kan lé mi lọ́wọ́.
"Yọ ọ́ nínú rẹ̀."
Mo wá bírò. Mo kọ ọ́ sórí ìwé ìnuwọ́, mo yọ ọ́.
Ó ṣì ku rẹpẹtẹ.
Òjò tún bẹ̀rẹ̀,
láti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.